Àdídùn Íńdíà: Ìròyìn Ayọ̀ Tí Wọ́n Ń Fi Síni Lẹ́nu

Àwọn tó ń wo fíìmù Íńdíà lórí tẹlifíṣọ̀n yóò ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: ọmọ ṣe ìdánwò, ó yege, ó sáré wọlé, kó tó ṣàlàyé tán, ìyá rẹ̀ ti fi nǹkan roboto kan sí i lẹ́nu. Bàbá gba tirẹ̀, aládùúgbò tó yọjú náà gba tirẹ̀. Eré sinimá kọ́ o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn, láti Delhi títí dé Chennai. Bí wọ́n bá bímọ, bí ẹnìkan bá rí iṣẹ́, bí wọ́n bá ra mọ́tò tuntun, bí ìdílé méjì bá gbà láti di àna ara wọn, àdídùn ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀. Mithai ni wọ́n ń pè é, halwai sì ni orúkọ ẹni tó ń ṣe é tà.

Àwọn òyìnbó máa ń fi nǹkan dídùn parí oúnjẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Ti Íńdíà kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí èèyàn ń gbé lọ bá èèyàn ni àdídùn níbẹ̀. Ẹni tó wọ ìsọ̀ halwai tó ní kí wọ́n wọn kílò kan fún òun, ó ti mọ ẹni tó fẹ́ gbé e lọ fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ inú ẹ̀sìn, inú òfin, inú ìṣèlú, àní títí dé ẹnubodè.

Ilẹ̀ Íńdíà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adùn. Nígbà tí Nearchus, ọ̀gá àwọn atukọ̀ ojú omi Alexander Ńlá, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 325 ṣáájú ìbí Kristi, ó ròyìn esùsú kan tó ń mú oyin wá láìsí pé kòkòrò oyin dé ibẹ̀. Ìrèké ló rí. Nígbà tó fi di ayé ìjọba Gupta, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ará ibẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń se omi ìrèké títí yóò fi di hóró-hóró, tó ṣeé dì sápò, tó sì ṣeé gbé rìn ọ̀nà jíjìn. Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn débi pé ní ọdún 647, Taizong, ọba ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, rán àwọn èèyàn lọ sí Magadha, ní apá ìlà-oòrùn Íńdíà, pé kí wọ́n lọ kọ́ ọ wá. Títí di òní, ṣúgà funfun kò tíì lé gur kúrò nílé. Gur ni ṣúgà pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n sè láti inú omi ìrèké láìyọ oje dúdú inú rẹ̀ kúrò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń wá bí ọdún bá dé.

Wàrà ni ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù. Láti 1998 ni Íńdíà ti ń pèsè wàrà ju gbogbo orílẹ̀-èdè ayé lọ. Èyí tó ń pèsè lọ́dún kan ti kọjá 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, irú èyí tí Verghese Kurien darí ní ìlú Anand, ló ṣe bẹbẹ nínú iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ètò Operation Flood ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí fíríìjì tó dé, ooru kì í jẹ́ kí wàrà tútù pẹ́ kó tó kan, àfi kí èèyàn dá ọgbọ́n sí i.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá. Èkíní ni kí wọ́n da wàrà sínú agbada irin tó fẹ̀, kí wọ́n máa rò ó lórí iná títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò wá ku ìṣù kan tó le díẹ̀, tó sì ní adùn tirẹ̀. Khoya nìyẹn. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe barfi onígun mẹ́rin, àti peda, àti gulab jamun tí wọ́n dín pọ́n kí wọ́n tó rì í sínú omi ṣúgà olóòórùn òdòdó róòsì. Èkejì ni kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú wàrà gbígbóná kó lè dì. Èyí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá: bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń fi omi ewé bòmubòmu sọ wàrà di èyí tí à ń dín jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ará Íńdíà, àyàfi pé ọsàn tàbí omi wàrà kíkan ni tiwọn, wọn kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Chhena ni wọ́n ń pè é. Àwọn aládìídùn Bengal kò fi í ṣeré rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe rasgulla ní Kolkata, ìlú ńlá Bengal. Wọ́n á ro omi chhena nínú aṣọ funfun, ṣùgbọ́n wọn kò ní ro ó tán; bó bá gbẹ jù, yóò fọ́, bí omi rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, yóò tú sínú ìkòkò. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò kó o sórí pákó, yóò máa fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní sí hóró kankan nínú rẹ̀ mọ́, tí ọ̀rá wàrà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọwọ́ rẹ̀ dán. Lẹ́yìn náà ni yóò yí i roboto láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ sán. Omi ṣúgà ti ń hó gidigidi lórí iná. Bí wọ́n bá ti kó o sínú rẹ̀, ìfòófò yóò ru bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á máa wọ́n omi sí i lóòrèkóòrè, nítorí omi ṣúgà tó bá ti ki jù kì í wọnú chhena dáadáa. Kò ní pẹ́ tí roboto kékeré wọ̀nyẹn yóò fi wú tó ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe wà. Bí wọ́n bá fi ìka tẹ ọ̀kan, tó sì padà sípò kíá, ó ti jinná.

Nobin Chandra Das ni àwọn ará Kolkata ń kan sáárá sí fún iṣẹ́ yìí. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní àdúgbò Bagbazar, wọ́n sì ní 1868 ló rí ọ̀nà tí rasgulla fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé rẹ̀ máa ń sọ ìtàn olówó kan tó dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ dúró níwájú ìsọ̀ náà nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀. Nobin fi rasgulla kan kún omi tó bù fún ọmọ. Ọmọ jẹ ẹ́, bàbá tọ́ ọ wò, ni olówó bá ra èyí tó pọ̀ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ọmọ Nobin, Krishna Chandra Das, ló dá ilé-iṣẹ́ K. C. Das sílẹ̀ ní 1930, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di rasgulla sínú agolo kó lè dé ọ̀nà jíjìn.

Odisha, ìpínlẹ̀ tó bá Bengal pààlà, fi àáké kọ́rí. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí Nobin ni àwọn ti ń lò ó ní tẹ́ńpìlì òrìṣà Jagannath ní ìlú Puri. Lọ́dọọdún, ní àsìkò ọdún Rath Yatra, wọ́n máa ń gbé ère Jagannath, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin sínú kẹ̀kẹ́ onígi gàgàrà lọ sí tẹ́ńpìlì mìíràn. Lakshmi, ìyàwó Jagannath, ni wọn kì í mú dání. Nígbà tí ọkọ yóò fi padà dé, inú ti bí ìyàwó, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Àwọn tó dúró fún ọkọ àti àwọn tó dúró fún ìyàwó á wá máa fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Rasgulla ni Jagannath fi ń bẹ ìyàwó rẹ̀ kó tó ráyè wọlé. Láti 2015 ni Odisha ti ń fi ọjọ́ náà ṣe Ọjọ́ Rasagola.

Àwọn onímọ̀ náà kò fẹnu kò. K. T. Achaya, òpìtàn oúnjẹ, gbà pé àwọn ará Pọtogí tó tẹ̀dó sí Bengal ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ló mú kí àṣà dídì wàrà gbilẹ̀ níbẹ̀, nítorí lójú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àtijọ́, wàrà tí a mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ kò tọ́. Àwọn mìíràn já a níyàn. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ́fíìsì ìjọba ní Chennai, èyí tó ń fún nǹkan ní ìwé ẹ̀rí ibi tó ti ṣẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n fún Bengal ní ìwé tirẹ̀ lórí Banglar Rasogolla. Ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n fún Odisha náà ní tirẹ̀ lórí Odisha Rasagola. Ti Bengal funfun nini. Ti Odisha pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń yọ́ lẹ́nu kíá.

Ẹni tó bá rò pé ìjà ọmọdé nìyí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1965. Wàrà wọ́n ní West Bengal, àwọn ọmọ ọwọ́ kò rí i mu tó. Prafulla Chandra Sen, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, fi òfin de àdídùn tí wọ́n fi chhena ṣe. Ohun tó ń rò dára, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn èèyàn rẹ̀: báwo ni wọn yóò ṣe ṣe ìgbéyàwó láìsí sandesh, ọ̀kan nínú àwọn àdídùn chhena náà, lórí àtẹ? Ìrẹsì àti kẹrosíìnì tó wọ́n ti ń bí aráàlú nínú tẹ́lẹ̀, òfin àdídùn tún wá kún un. Nínú ìdìbò 1967, Sen fìdí rẹmi ní àgbègbè ìdìbò tirẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù ìjọba.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àdídùn ni wọ́n ń gbé fún ara wọn, tí kì í ṣe ìrẹsì àti ọbẹ̀? Ìdí kan wà tó jinlẹ̀. Láyé àtijọ́, ètò ìran tí wọ́n ń pè ní caste pín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù sí ìpele ìpele, òfin sì de ẹni tí wọ́n lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n fi omi sè, wọ́n gbà pé ó tètè ń gba àìmọ́, nítorí náà ẹni ìran gíga kì í jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi gíì dín tàbí sè, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, ọ̀pọ̀ ìran lè gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí èèyàn bá fẹ́ kí aládùúgbò tàbí ọ̀gá rẹ̀ jẹ nǹkan tí òun gbé wá, ohun tí halwai ṣe ló dá a lójú pé wọn kò ní kọ̀. Àdídùn gba ibi tí oúnjẹ mìíràn kò lè gbà kọjá. Kò tó láti gba àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ pátápátá sílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, ló wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti ka ọmọ ènìyàn sí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ti gbé ìgbésẹ̀ tiwọn ṣáájú òfin. Nínú ilé ìjọsìn wọn, wọ́n ń ro ìyẹ̀fun àlìkámà, gíì àti ṣúgà tí òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa ta sánsán. Gbogbo èèyàn á jókòó sílẹ̀, olówó àti tálákà, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á sì gba tiwọn. Karah prasad ni orúkọ rẹ̀. Ní gúúsù, ní tẹ́ńpìlì Venkateswara tó wà lórí òkè Tirumala, laddu ni àwọn olùjọsìn ń gbà lọ sílé. Láti 1715 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana, gíì, ṣúgà, kajú, èso àjàrà gbígbẹ àti kádámọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìdáná tẹ́ńpìlì náà sì ń ṣe tó 300,000 lóòjọ́. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò jẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn ará ilé, àwọn ará ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ló ń retí kí ó já díẹ̀ fún wọn.

Bí ọdún ṣe ń yí ni àdídùn ń yí. Ní oṣù kìíní, nígbà ọdún Sankranti, àwọn ará Maharashtra ń fi yànmọ̀tí àti gur fún ara wọn, wọ́n sì ń bẹ ara wọn pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn dùn mọ́ra wọn láti ìgbà náà lọ. Ẹni tí ìjà bá wà láàárín òun àti ẹnìkan ti rí àyè parí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn Tamil ń se ìrẹsì tuntun pẹ̀lú wàrà àti gur fún ọdún Pongal, wọ́n á sì hó yèè nígbà tó bá ru jáde lẹ́nu ìkòkò. Àwọn Mùsùlùmí ń fi wàrà, dàbínù àti núdù tẹ́ẹ́rẹ́ se sheer khurma ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ fún àwọn aládùúgbò tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù. Nígbà ọdún Ganesh, modak ló kàn: ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ká mọ́ àgbọn àti gur, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Inú ilé ni púpọ̀ nínú ọdún yìí ń parí sí kí Bal Gangadhar Tilak tó mú un wá sí gbangba ní 1893, kí ó lè fi kó àwọn èèyàn jọ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fura sí ìpéjọpọ̀.

Ọdún Diwali ni àdídùn ti ń pọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, páálí àdídùn ló kún ọwọ́ gbogbo èrò ọjà. Kaju katli ni ọ̀pọ̀ ń wá, kajú lílọ̀ pẹ̀lú ṣúgà tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Àárín awọ tàbí ìfun màlúù ni wọ́n ti ń lu fàdákà náà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn tí kì í jẹ ẹran mọ̀, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ sì ṣòfin ní 2016 pé ohunkóhun láti ara ẹranko kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ìjọba pàápàá ń dáná. Kí wọ́n tó gbé ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè náà jáde lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé agbada halwa, àdídùn kan tí wọ́n ń rò lórí iná, kaná ní North Block, ilé ìjọba kan ní New Delhi. Mínísítà ìṣúná fúnra rẹ̀ á rò ó, á sì bù ú fún àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà kò ní lọ sílé mọ́, wọn kò sì ní bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀, títí mínísítà yóò fi kà á ní ilé aṣòfin, kí àṣírí má baà tú. Ní 2022, nítorí àrùn Kòrónà, wọn kò dáná halwa. Síbẹ̀ wọ́n gbé àdídùn lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà níbi tí wọ́n jókòó sí. Ní ẹnubodè Attari àti Wagah, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Íńdíà àti ti Pakísítánì máa ń fún ara wọn ní páálí àdídùn lọ́jọ́ Diwali, lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ òmìnira. Bí àárín orílẹ̀-èdè méjèèjì bá dàrú, wọn kì í gbé e jáde, àwọn oníròyìn á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àdídùn.

Ṣúgà púpọ̀ kò dára fún ara, Íńdíà sì ti mọ̀ ọ́n lára. Ìwádìí ńlá kan tí àjọ ìwádìí ìlera wọn, ICMR, ṣe, tó jáde ní 2023, fi hàn pé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ níbẹ̀ tó 101 mílíọ̀nù, 136 mílíọ̀nù mìíràn sì ti ń sún mọ́ ọn. Kì í ṣe mithai nìkan ló fà á. Ìjókòó sójú kan, ìrẹsì funfun àti ohun mímu inú ìgò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí àwọn halwai máa ṣe èyí tí kò ní ṣúgà, kí àwọn ẹlòmíràn máa fi kajú àti álímọ́ńdì gbé páálí Diwali lọ fún ọ̀rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì náà ti wọ ọjà, wọ́n ń polówó ṣokoléètì wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí wọ́n fi yọ ayọ̀ ọmọ tó yege tàbí ìyàwó tuntun.

Ibi tí ṣokoléètì ti yàtọ̀ sí mithai ni pé ó lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni FSSAI, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ, ti pàṣẹ pé kí halwai máa kọ ọjọ́ tí àdídùn yóò ṣì dára dé síwájú àtẹ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fún àwọn olùtà, ọjọ́ kan péré ni àdídùn oníwàrà tí wọ́n ń pè ní kalakand ní, rasgulla àti àwọn àdídùn Bengal ní ọjọ́ 2, laddu àti oníkhoya ní ọjọ́ 4, èyí tó ní gíì àti kajú dáadáa sì lè tó ọjọ́ 7. Nítorí náà ni ìsọ̀ halwai fi máa ń kún fọ́fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí èsì ìdánwò bá jáde: ẹni tó bá ra kílò méjì rasgulla lọ́jọ́ yẹn ní láti kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀tunla tó ṣú.